Ọ̀bẹ Àpò: Èwo Ni Ó Yẹ Ọmọlúwàbí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mo kéré púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu bàbá mi, n kò sì mọ ohun tí ọ̀bẹ àti àkọ̀ wá ṣe nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń dá láàrin àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ sí mi nínú títí di alẹ́ ọjọ́ kan tí ìyàwó àbúrò mi já wọlé tọ̀ mí wá ní Ṣómólú, tí ó káwọ́ lérí, tí ó ní, "Bàbá wa, ẹ gbà mí o! Wọ́n ti mú ọmọ mi."

Ọmọ tí à ń wí yìí kì í ṣe ìpáǹle. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó ń kọ́ ní Ṣómólú níbí, ní àdúgbò tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ fún iṣẹ́ náà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í dákẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fi ń tú jáde bí omi. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó wá ọ̀bẹ kékeré kan tí yóò máa fi tú ìdì bébà. Ọmọ náà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lọ sí ìdí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Òpópónà Ìkòròdú, ó sì ra ọ̀bẹ kan tí ń dán yinrinyinrin, èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá ti tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀, wàì, ojú rẹ̀ yóò fò yọ jáde. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sílé ní Bárígà ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò, wọ́n bá ọ̀bẹ náà níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí àgọ́.

Èmi àti ọ̀gá rẹ̀ ni a jọ lọ. A ṣe àlàyé títí, ọ̀gá fi àwọn ìwé tí ọmọ náà ti dì hàn wọ́n, wọ́n sì dá a sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba ọ̀bẹ náà. Ọ̀rọ̀ kan tí ọlọ́pàá àgbà tí ó jókòó sídìí tábìlì sọ fún mi ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, "Bàbá, mo gbà pé iṣẹ́ ni ọmọ yín ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gé okùn ìdì ìwé, ṣé ọ̀bẹ tí ń fò yọ bí ahọ́n ejò ni ó yẹ kí ó rà?" N kò rí èsì fọ̀ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá, n kò tún ní mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ mọ́ títí ayé mi." Mo ní kí ó dìde. Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Bí agbẹ̀ bá fi àdá gé ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kì í torí rẹ̀ fi oko sílẹ̀. Ìwọ kò ṣẹ̀ nítorí pé o ra ọ̀bẹ. Àìmọ ọ̀bẹ yàn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ." Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá gbogbo ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí pé ọmọ bíi tirẹ̀ pọ̀ ní Ṣómólú àti Bárígà, wọ́n sì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

ÀWỌN BABA WA ÀTI Ọ̀BẸ ÌRÌN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà àjèjì ni kí ènìyàn máa mú ọ̀bẹ kiri. Àgbẹ̀ kì í lọ sóko láìmú ọ̀bẹ mọ́ àdá. Ọdẹ kò lè wọ igbó láìsí ọ̀bẹ ní ìbàdí rẹ̀. Adẹ́mu, gbẹ́nàgbẹ́nà, onígbàjámọ̀ àti olóólà, olúkúlùkù wọn ni ó ní irin tirẹ̀ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun kan wà tí kì í yà lára ọ̀bẹ ìrìn láyé ìgbà náà, òun ni àkọ̀. Awọ ni wọ́n fi ń rán an. Ẹni tí ó bá mú ọ̀bẹ ìhòòhò wọ àárín ìlú, yálà ó ń bá ènìyàn jà ni, tàbí orí rẹ̀ kò pé. Àkọ̀ ni ó ń fi yé ará ìlú pé àlàáfíà ni ọlọ́bẹ bá wá.

Irin ni ọ̀bẹ, Ògún ni ó sì ni irin. Ìdí nìyí tí wọn kò fi ń fi ọ̀bẹ ṣeré ní àárín wa. Títí di òní olónìí, bí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bá fẹ́ jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́, irin ni a máa ń gbé fún un láti fi búra, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé Bíbélì fún Onígbàgbọ́ àti Kùránì fún Mùsùlùmí. Ohun tí a lè fi búra níwájú adájọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

Ọ̀bẹ kíká tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kàn gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà ni. Èèkù rẹ̀ ni ó tún jẹ́ àkọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti lò ó tán, a ó ká ojú rẹ̀ padà sínú èèkù, ẹnu rẹ̀ yóò sì pamọ́. Nítorí náà ohun tí bàbá wa fi awọ ṣe, òun ni oníṣẹ́ irin fi ìṣó kan àti ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣe. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀ nípa yíyan ọ̀bẹ àpò: èyí tí kò bá ká dáradára, tí kò sì dúró dáradára nígbà tí a bá ká a, kò ní àkọ̀ nìyẹn.

BÍ Ọ̀BẸ KÍKÁ ṢE DÉ

Ọjọ́ ọ̀bẹ kíká ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní i, wọ́n sì ti hú irú rẹ̀ jáde nínú ilẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Solingen ní ilẹ̀ Jámánì di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀bẹ, àwọn oníṣòwò sì ń kó ọjà wọn wá sí etíkun wa. Ní ọdún 1890 ni Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ kíká onígi tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní òkè Savoie ní ilẹ̀ Faransé, fún àwọn àgbẹ̀ àti darandaran. Ní ọdún 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ Okapi ní ilẹ̀ Jámánì fún títà ní àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà, Tógò tí ó wà nítòsí wa yìí sì wà lára àwọn ilẹ̀ náà nígbà náà. Nígbà tí ó yá, ní ọdún 1988, wọ́n kó iṣẹ́ Okapi lọ sí Gúúsù Áfíríkà.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ọ̀bẹ pupa ti ilẹ̀ Switzerland. Karl Elsener ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1884. Ní ọdún 1891 ó ta ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1897 ó sì forúkọ ọ̀bẹ àwọn ọ̀gágun sílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tí ó ní ìṣígò àti àwọn irin-iṣẹ́ mìíràn lára. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbí: ọmọ ogun ni wọ́n ṣe é fún, síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó fẹ́ fi jagun. Ohun tí ó fẹ́ fi ṣí agolo oúnjẹ ni, àti ohun tí ó fẹ́ fi tú ìbọn rẹ̀ palẹ̀ kí ó lè nù ún. Bí ọ̀bẹ àpò ọmọ ogun bá jẹ́ ohun-èlò iṣẹ́, kí ni ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ń fi ọ̀bẹ ìjà ṣe?

IṢẸ́ WO NI O FẸ́ FI ṢE?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, òun ni ọmọ àbúrò mi kò sì bi ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe, èyí tí ó dán jù ni yóò rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo atẹ̀wé. Ó ń gé okùn ọ̀rá tí wọ́n fi di rímù, ó ń ya páálí, ó ń gé etí ìwé tí ẹ̀rọ kò gé dé. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà mọ̀ pé bébà ń pa ọ̀bẹ lẹ́nu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí pé wọ́n máa ń po ẹ̀fun àti amọ̀ funfun mọ́ bébà kí ó lè funfun kí ó sì dán. Nítorí náà, fún ìwé gígé gan-an, kọ́tà tí a ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ó dára jù. Ará Japan kan, Yoshio Okada, ni ó ronú kàn án ní ọdún 1956: bí ẹnu bá kú, a ó ṣẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ dànù, ẹnu tuntun yóò sì yọ. Okùn, páálí àti gbogbo ìtúkútùú iṣẹ́ yòókù ni kí a fi ọ̀bẹ àpò ṣe.

Ẹ tún jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà ní Bárígà, níbi tí àwọn Ìlàjẹ tẹ̀dó sí, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń wo afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 bí ó ti nà sórí omi. Ọ̀bẹ apẹja kì í ṣe irú ọ̀bẹ atẹ̀wé. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ a sì máa jẹ irin. Nítorí náà irin tí kì í tètè dípẹtà ni kí ó wá. Bákan náà, kí imú ọ̀bẹ rẹ̀ má ṣe mú ṣóńṣó. Ọkọ̀ a máa mì. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ sókè nígbà tí ọ̀bẹ wà ní ṣíṣí, ọ̀bẹ onímú kúńdú kò ní gún àwọ̀n, kò sì ní gún ẹnìkejì. Àwọn atukọ̀ ojú òkun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lo irú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kí apẹja sì wá èyí tí ó ní ihò ní ìdí èèkù, kí ó lè fi okùn so ó mọ́ ìgbànú, nítorí pé ohun tí ó bá já sínú ọ̀sà ti di ti ọ̀sà.

Oníṣẹ́ iná mànàmáná, káfíńtà, olùkọ́ tí ó ní ọgbà ewébẹ̀ lẹ́yìn ilé, àwọn náà ní èyí tí ó bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jẹ́ pé kò sí iṣẹ́ kankan tí ó fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe, tí ó kàn fẹ́ kí ó wà ní àpò òun "nítorí ìdí kan", ìmọ̀ràn tèmi fún un ni pé kí ó fi owó rẹ̀ jẹun.

OHUN MẸ́FÀ TÍ A Ń WÒ

Èkíní ni bí ó ti tóbi tó. Ẹ lọ dúró ti ọlọ́sàn ní ẹ̀bá ọ̀nà kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ tí ó fi ń bó ọgọ́rùn-ún ọsàn lóòjọ́ kò ju ìka ọwọ́ lọ, pípọ́n sì ti jẹ́ kí ó tín-ín-rín bí ewé. Síbẹ̀ kò sí ọ̀bẹ ńlá tí ó lè bá a dọ́gba. Ọ̀bẹ àpò tí ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7 tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èyí tí ó bá ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ olówó rẹ̀ lọ ti ń di ìṣòro.

Èkejì ni ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń wá èyí tí ó ki, wọ́n rò pé kíki ni agbára. Ọ̀bẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ki kì í gé nǹkan, ńṣe ni ó ń là á bí àáké. Tín-ín-rín ni kí ó rí, kí ó sì máa tín-ín-rín sí i títí dé ẹnu.

Ẹ̀kẹta ni ìṣó tí ó so ojú mọ́ èèkù. Ẹ ṣí ọ̀bẹ náà, ẹ fi ìka méjì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú nítòsí ṣóńṣó, kí ẹ sì mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń jó, ẹ dá a padà fún ẹni tí ń tà á. Lẹ́yìn náà ẹ ká a, kí ẹ fi ọwọ́ pa etí èèkù láti òkè dé ìdí. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí ẹnu tàbí imú rẹ̀ ti yọ jáde rárá. Ọ̀bẹ tí imú rẹ̀ yọ nígbà tí a ká a yóò jẹ àpò, lẹ́yìn náà yóò jẹ itan.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ó ń dì í mú. Irú méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, irin pẹlẹbẹ kan tí ó lè tẹ̀ díẹ̀ wà ní ẹ̀yìn èèkù tí ó ń ti ojú ọ̀bẹ kí ó má baà yẹ̀. Bí a bá fi agbára díẹ̀ tì í, yóò ká. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ pupa tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ṣe rí. Nínú ti èkejì, ìdènà kan wà tí kò ní jẹ́ kí ó ká àfi bí a bá tú u. Opinel, fún àpẹẹrẹ, fi òrùka irin kan sí ọrùn tirẹ̀ ní ọdún 1955: a ó yí i, ọ̀bẹ kò sì ní ká. Èyí tí ó ní ìdènà dára fún iṣẹ́ líle, nítorí pé ọ̀bẹ tí ó bá ká lójijì lórí ìka kò mọ olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣí i, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti igi tábìlì, kí ìka yín má sì sí ní ojú ọ̀nà ẹnu rẹ̀. Bí ìdènà bá yẹ̀, ẹ ṣọpẹ́ pé orí igi ni ó ti yẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni irin. Irin dúdú a máa mú, a sì máa rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà bí a kò bá nù ún. Irin funfun tí kì í tètè dípẹtà, èyí tí Harry Brearley ṣàwárí rẹ̀ ní Sheffield ní ọdún 1913, ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní króómíọ̀mù nínú, ó kéré tán bí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ọ̀rinrin Èkó, irin funfun ni mo máa ń dá àbá rẹ̀ fún ẹni tí kò ní àkókò ìtọ́jú. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú tí wọ́n fín orúkọ ńlá sí lára. Àwọn ọmọ Ṣómólú ní ìdánwò tiwọn tí kò ṣòro: wọ́n á gbé abala bébà kan sókè ní ọwọ́ kan, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ là á láti òkè. Bí ó bá gé e wẹ́rẹ́, ó mú. Bí ó bá fà á ya, ó kú.

Ẹ̀kẹfà ni bí ó ti ń ṣí. Kí ó jẹ́ èyí tí a ń fi èékánná tàbí àtàǹpàkò ṣí ní pẹ̀lẹ́. Èyí tí ń fò yọ bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ jìnnà sí i. Kò sí iṣẹ́ òdodo kan tí ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ó ń dín kù fún yín yóò ṣe ní àǹfààní, ó sì ní ẹ̀sùn tí ó ń fà wá bá yín.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ọ̀bẹ tí ó kú ni ó ń gé ènìyàn ju èyí tí ó mú lọ, nítorí pé agbára tí kò yẹ ni a fi ń tì í, kì í sì í lọ sí ibi tí a rán an. Ẹ wá òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ ta omi sí i. Bí ẹ kò bá mọ bí ó ti yẹ kí ọ̀bẹ dà sórí òkúta, ẹ kọ́kọ́ gbé e dúró gbọnrangandan, ẹ dà á dé ìdajì, kí ẹ tún dà á dé ìdajì èyí tí ó kù. Ibẹ̀ gan-an ni. Kí iye ìgbà tí ẹ fà á ní ọ̀tún dọ́gba pẹ̀lú ti òsì. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ nù ún gbẹ. Bí omi iyọ̀ bá kàn án, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ sì kán òróró díẹ̀ sí ìdí ìṣó rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ṣí agolo tàdáwà. Ní ilé ìtẹ̀wé, ibẹ̀ ni imú ọ̀bẹ ti ń kán jù. Ọ̀bẹ kì í ṣe òòlù, kì í ṣe ìdèrí, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń yí ìdè.

ÒFIN ÀTI ÌWÀ

Ẹ̀yin ará Bárígà, ẹ má bínú sí mi bí mo bá sọ òtítọ́. Nítorí ìwà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kan, ọ̀pọ̀ ọmọ dáradára ni a ń fojú burúkú wò ní àdúgbò wa. Ní ọdún 2021 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ó ti pẹ́ tí òfin ilẹ̀ wa ti ka rírìn kiri pẹ̀lú ohun ìjà láìnídìí, lọ́nà tí yóò dẹ́rù ba ará ìlú, sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá sì di pé ẹnìkan fi ohun ìjà olóró jalè, àṣẹ ìjọba ológun ti ọdún 1984 lórí ìdigunjalè kò yọ nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún un ju ikú lọ. Nítorí náà kí oníṣẹ́ ọwọ́ mú ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí ó fi í sínú àpò irin-iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn irin-iṣẹ́ yòókù, kí ó sì fi í sílẹ̀ sí ibi iṣẹ́ bí ó bá ṣeé ṣe. Ọ̀bẹ kò ní iṣẹ́ kankan ní ibi ayẹyẹ, ní pápá bọ́ọ̀lù, ní ibi ìdìbò, tàbí ní ìrìn òru.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiyín. Bárígà ni CMS Grammar School wà, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó dàgbà jù ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹ̀kọ́ kan tí ó nílò ọ̀bẹ nínú àpò ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù kò wọ́n.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí òkè òkun, kí ó mọ̀ pé láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọn kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn mú ọ̀bẹ jókòó nínú ọkọ̀ òfurufú; kí ó kó o sínú ẹrù tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ọdún 1988 ni kí ẹ rántí: ọ̀bẹ kíká tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ìdènà, nìkan ni ènìyàn lè mú káàkiri láìṣe àlàyé. Èyí tí ń fò yọ ti di èèwọ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1959. Ìyẹn ni pé ọ̀bẹ tí ó ní ìdènà, tí kò sí ẹ̀bi lórí rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, lè gbé ènìyàn dé iwájú adájọ́ ní ìgboro Peckham.

Lẹ́yìn òfin ni ìwà. Bí àgbà bá tọrọ ọ̀bẹ, ká a kí o tó nà án sí wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni kí o sì fi nà án. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kì í ká, èèkù ni kí o kọ sí wọn. Má ṣe ṣí ọ̀bẹ nínú dáńfó. Má ṣe fi ọ̀bẹ ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ bí o bá ń sọ̀rọ̀. Má ṣe fi tọ eyín níwájú ènìyàn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná láàrin ìwọ àti ẹnìkejì rẹ, tí ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ nítorí iṣẹ́ tí o ń ṣe, kọ́kọ́ ká a kí o sì gbé e sílẹ̀ kí o tó dá a lóhùn. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ọmọ àbúrò mi bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Bàbá, tí wọ́n bá tún dá mi dúró ńkọ́?" Mo ní, "Bí wọ́n bá dá ọ dúró, kí ohun tí wọn yóò bá lọ́wọ́ rẹ lè fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí o ń ṣe." Èmi àti òun jọ lọ sí ọjà ní ọjọ́ Sátidé. A ra ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi, tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, tí a ń fi èékánná ṣí. Kò dán. Ẹni tí ń tà á gan-an rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀bẹ arúgbó ni. Ọ̀gá rẹ̀ gé abala bébà kan wò pẹ̀lú rẹ̀, ó mi orí, ó sì fún un ní dúrọ́ọ̀ kan nínú ilé iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ó ń sùn ní alaalẹ́.

Ẹni tí ń lo ọ̀bẹ lọ́nà àìtọ́, ilé ara rẹ̀ ni ó ń wó. Ìyá tí ó sáré wá bá mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ ìdílé wa, orúkọ ọ̀gá tí ó fi iṣẹ́ kọ́ ọmọ, orúkọ àdúgbò tí gbogbo wa ń gbé, gbogbo wọn ni àkọ̀ tí ọmọ náà ti yọ jáde. Kí olúkúlùkù wa ran ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ láti yan èyí tí ó tọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ní àgọ́ ọlọ́pàá ni a ó ti máa kọ́ wọn.